Láti Erékùṣù Maldives dé Lálúpọn: Ìtàn Owó Ẹyọ àti Òǹkà Wa

Ìbéèrè kan wà tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òǹkà pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́dọọdún. N ó kọ 20,000 sójú pátákó, n ó sì ní kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n pè é ní èdè Yorùbá. Àwọn kan á ní “ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún.” Wọn kò ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹni tí yóò dáhùn pé “ọ̀kẹ́ kan.” Bí mo bá sì bi wọ́n pé kí ni ń jẹ́ ọ̀kẹ́, wọn á ní àpò ni. Wọ́n tún gbà á. Àpò kí ni? Ta ni ó dì í? Níbo ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ti wá? Ibẹ̀ ni gbogbo wa máa ń dé tí a ó dákẹ́. Èmi olùkọ́ wọn pàápàá kò ronú jìnnà sí i títí di ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ìkòkò kan là mí lójú.

Ìkòkò inú ilẹ̀

Abúlé tí wọ́n ti bí bàbá mi kò jìnnà sí Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, lẹ́yìn odi Ìbàdàn. Ilé alámọ̀ tí àwọn bàbá ńlá wa kọ́ síbẹ̀ ti ń wó díẹ̀díẹ̀, ìdílé sì fohùn ṣọ̀kan pé kí á wó o tán kí á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbẹ́lẹ̀ ni ọkọ́ kan ìkòkò nínú ilẹ̀ yàrá tí ó wà ní ìkángun. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, owó ẹyọ ni ó kún inú rẹ̀ dé ọrùn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní kí á gbé e lọ sí ọjà Bódè ní Ìbàdàn, pé àwọn tí ń ta ohun ìbílẹ̀ níbẹ̀ yóò rà á. Àbúrò mi kan tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní kí á dà á sódò, pé a kò mọ ohun tí wọ́n fi bọ. Wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n ní, “Ọ̀mọ̀wé, kí ni ìwé wí?” Ìwé kò wí nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo rí sọ ni pé kí á kọ́kọ́ kà á.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ni wọ́n ní kí á tẹ́ ẹní fún àwọn. A da ẹyọ náà síwájú wọn. Wọn kò kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èmi ìbá ti ṣe. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń fi ìka wọ́ ọ. Bí márùn-ún bá di ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n á ní, “Okòó.” Bí okòó bá di ọ̀nà márùn-ún, ọgọ́rùn-ún pé. Wọ́n á kó ọgọ́rùn-ún méjì pọ̀ di òkìtì kan, wọ́n á ní, “Igbiwó,” wọ́n á sì tì í sápá kan. Nígbà tí oòrùn fi máa wọ̀, òkìtì náà ti tẹ́ yí ẹní ká. Ìyá Àgbà wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, “Ọ̀kẹ́ kan ó dín irinwó.” Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógún ó lé ẹgbẹ̀ta, ìyẹn 19,600. Mo ti ń kọ́ àwọn ènìyàn ní òǹkà Yorùbá fún ọdún mẹ́wàá ó lé, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí òǹkà náà lójú.

Òkìtì tí ó wà nínú ọ̀rọ̀

Ohun tí mo rí lórí ẹní náà kò ṣàjèjì sí ìwé. Ní ọdún 1887, Adolphus Mann, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tí ó ti gbé ìlú Ìjàyè, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù nípa òǹkà àwọn Yorùbá. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ bí àwọn òǹkàwó ti ń kúnlẹ̀ ti òkìtì ẹyọ, tí wọ́n ń fà á ní márùn-ún márùn-ún, tí wọ́n sì ń kó o jọ di igba. Mo ti ka àpilẹ̀kọ náà nígbà tí mo ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé. Mo kà á bí ẹni ń ka àlọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Igba ni òpó tí òǹkà ńlá wa dúró lé. Igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, igba márùn-ún ni ẹgbẹ̀rún. Bí igba bá di mẹ́wàá, ó di ẹgbàá, èyí tí í ṣe 2,000. Bí ẹgbàá bá di mẹ́wàá, ó kún àpò, ó di ọ̀kẹ́ kan. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ parí ní 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ ní 1921, to owó náà lẹ́sẹẹsẹ bákan náà: ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ni àpò kan. Ẹ tún wo irinwó, tí í ṣe 400: owó wà ní ìrù rẹ̀ gbangba. Ẹ wo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tí í ṣe 500: òǹkàwó ti rí òkìtì mẹ́ta níwájú rẹ̀, ó wá rí i pé ìkẹta kò kún, ó ku ọgọ́rùn-ún. Òun ni ó fi yọ ọgọ́rùn-ún kúrò nínú ẹgbẹ̀ta dípò kí ó fi kún irinwó.

N kò sọ pé owó ẹyọ ni ó bí gbogbo òǹkà wa. Ení, èjì, ẹ̀ta ti wà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti igba lọ sókè, òkìtì owó ni ojú òǹkà wa ń wò. Títí di òní, bí nǹkan bá pọ̀ kọjá kíkà, “ọ̀kẹ́ àìmọye” ni a ń pè é. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo, “ẹyọ kan” ni.

Ẹyọ kò sì dúró sínú òǹkà nìkan. Nígbà tí a kò tí ì máa kọ lẹ́tà, òun ni a fi ń ránṣẹ́. Ẹyọ mẹ́fà nínú àrọ̀kò ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tí ó ránṣẹ́ sí, nítorí ẹ̀fà ń rántí ọ̀rọ̀ ìṣe “fà.” Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ohùn wọn jọ. Ohun tí a fi ń sanwó ni a tún fi ń sọ̀rọ̀.

Ibi tí ó ti wá

Síbẹ̀, ẹyọ kì í hù ní oko Akínyẹlé. Kò sí nínú odò Ọ̀nà tàbí Ògùnpa. Òkun wa ní Èkó kò sì bí i. Erékùṣù Maldives ni ìyá rẹ̀, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, láàrin Òkun Íńdíà. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ri imọ̀ àgbọn sínú omi ọ̀sà, àwọn ẹyọ kéékèèké náà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Wọn á fà á wá sí èbúté, wọn á sin wọ́n sínú iyanrìn títí ẹran inú wọn yóò fi jẹrà tán, wọn á fọ̀ wọ́n mọ́, wọn á sì kó wọn lọ sí Bengal láti fi gba ìrẹsì.

Arìnrìn-àjò ará Mòrókò tí a mọ̀ sí Ibn Battuta ṣe adájọ́ ní Maldives ní ọdún 1343 sí 1344. Ó kọ ọ́ pé 400,000 ẹyọ ni wọ́n ń gbà fún owó wúrà dínárì kan níbẹ̀, pé a tilẹ̀ máa pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó dé ilẹ̀ Málì àti ìlú Gao, ó bá ẹyọ kan náà níbẹ̀, 1,150 sì ni wọ́n ń gbà fún dínárì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa òwò àgbáyé, ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ọ̀nà jíjìn nìkan ti sọ ìkarawun di ohun tí iye rẹ̀ ju ìlọ́po ọ̀ọ́dúnrún lọ.

Ní ayé Ibn Battuta, ràkúnmí ni ó ń gbé ẹyọ la aṣálẹ̀ kọjá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 16 ni àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ òkun gbé e wá sí etíkun wa. Lẹ́yìn wọn ni ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1600 àti ti àwọn ará Nẹ́dálándì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1602 gba òwò náà. Aṣọ, ata àti tíì ni wọ́n bá lọ sí Éṣíà, ṣùgbọ́n àwọn ẹrù wọ̀nyí fúyẹ́, ọkọ̀ òkun sì ń fẹ́ ohun tí ó wúwo ní ìsàlẹ̀ kí ìjì má baà dojú rẹ̀ dé. Ẹyọ ni wọ́n kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ohun tí ìbá jẹ́ òkúta lásán di ọjà. Bí ọkọ̀ bá dé Amsterdam tàbí Lọ́ńdọ̀nù, wọn á lu ẹyọ náà ní gbàǹjo, àwọn oníṣòwò tí ń lọ sí etíkun Gínì á sì rà á.

Ará Lọ́ńdọ̀nù kò lè fi ẹyọ ra búrẹ́dì. Òun kò nílò rẹ̀ rárá. Ohun tí ó mọ̀ ni pé ẹnìkan wà ní ibòmíràn tí ó nílò rẹ̀, àti pé òun nìkan ni ó ní ọkọ̀ tí ó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ọlọ́jà Maldives kò mọ Àjúdá, ará Àjúdá kò mọ Maldives. Àárín àwọn méjì tí kò mọ ara wọn ni èrè wà.

Ní sẹ́ńtúrì 18 nìkan, àwọn òpìtàn ṣírò pé bí i bílíọ̀nù mẹ́wàá ẹyọ ni ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nẹ́dálándì kó wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kí ni wọ́n fi rà? Kò yẹ kí á fi èyí bò. Ènìyàn ni. Ní Àjúdá, ní Àgbádárìgì àti ní Èkó, ẹyọ wà lára ohun tí wọ́n ń kà sílẹ̀ kí wọ́n tó so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. A kì í fẹ́ rántí rẹ̀ nígbà tí a bá so ẹyọ mọ́ irun tàbí mọ́ fìlà fún ẹwà, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ nìyẹn.

Bí owó ṣe di ìkarawun

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, epo pupa di ọjà tí òyìnbó ń wá fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ wọn. Ìbàdàn, tí àwọn jagunjagun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829, di ìlú ńlá, oko sì yí i ká níhà gbogbo: Akínyẹlé àti Mọ́níyà ní àríwá, Lálúpọn àti Ẹgbẹ́dá ní ìlà-oòrùn, Akànrán ní gúúsù. Epo, èkùrọ́ àti òwú láti àwọn oko wọ̀nyí ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etíkun, ẹyọ sì ń gòkè bọ̀. Ọjà ọrọọrún gbẹ́kẹ̀ lé e. Obìnrin tí ó ta iṣu nílò owó kékeré tí yóò fi ra iyọ̀ àti ẹ̀kọ, kò sì sí èyí tí ó kéré tó ẹyọ.

Àmọ́ owó tí a kò lè ṣe fúnra wa, ẹni tí ó ni ọ̀nà ni ó ni ín. Nígbà tí ogun Ìjàyè dí ọ̀nà láti 1860, ẹyọ wọ́n ní Ìbàdàn. David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna, tí wọ́n ti ń gbé Ìbàdàn láti 1853, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn ti ń ta dúkìá ilé àwọn kí àwọn lè rí ẹyọ fi jẹun.

Ewu kejì ni pé ẹlòmíràn lè sọ ọ́ di púpọ̀. Láti àwọn ọdún 1840 ni àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg ti rí i pé ẹyọ mìíràn wà ní Zanzibar, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí ó tóbi ju ti Maldives lọ tí ó sì pọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n ń rà á ní ọ̀pọ̀, wọ́n ń kó o wá sí Èkó àti Àjúdá, wọ́n ń fi gba epo. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Nígbà tí sẹ́ńtúrì 19 fi ń parí, ẹgbàá kan kò ju sísì lọ mọ́, ẹgbàajì ni ṣílè kan, ọ̀kẹ́ kan sì di ṣílè márùn-ún péré. Ọ̀kẹ́ kan ń wọ̀n ju ogún kílò lọ. Alárùú tí ó rù ú láti Èkó dé Ìbàdàn yóò jẹun lọ́nà fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wò ó bí ohun tí yóò ṣẹ́ kù nínú ẹrù náà ti máa tó.

Ìbàdàn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1893. Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n sì fà á gba Lálúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo. Owó fàdákà bá a wọlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀níní dé, owó tí ó ní ihò láàrin tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, kí ó lè gba ipò ẹyọ lọ́wọ́ aláta àti ẹlẹ́kọ. Ní 1912 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹyọ kúrò lọ́jà. Kò sí ẹni tí ó fún ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ìkòkò ní pàṣípààrọ̀.

Ohun tí Ìyá Àgbà sọ

Mo tọ́ka sí ẹyọ inú ìkòkò wa fún Ìyá Àgbà. Mo fi hàn wọ́n pé àwọn kan ní gegele létí, pé ìwọ̀nyẹn ni ti Maldives, àwọn tí ó sì pọ̀ jù dán bí ẹyin, tí àmì òrùka sì hàn lẹ́yìn wọn yí ihò okùn ká, pé ti Zanzibar nìyẹn. Mo ní èyí fi hàn pé lẹ́yìn 1845 ni wọ́n kó o jọ. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ní, “Mo mọ ìgbà tí wọ́n kó o jọ. Owó ìràpadà ni.”

Ìkòkò mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n ní, ọ̀kan ni ó ṣẹ́ kù yìí. Ìnáwó òkú kan ni ó kó ìdílé wa sí gbèsè. Wọ́n yá ọ̀kẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀ kan ní ọ̀nà Akànrán, wọ́n sì fi àbúrò ìyá bàbá wọn, ọmọdékùnrin, ṣe ìwọ̀fà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó kì í dín gbèsè kù. Èlé ni. Ọjọ́ tí owó bá pé ni ọmọ tó lè padà wálé. Ìyá bàbá wọn ń ránwú, ó ń ta èkùrọ́, ó ń sín ẹyọ ní ogójì ogójì sínú okùn. Ó tó ọdún mélòó kan kí ọ̀kẹ́ mẹ́ta tó pé. Wọ́n rù ú lọ sí ọ̀nà Akànrán. Ọlọ́rọ̀ náà jáde wò ó, ó ní, “Ta ni ń ná èyí mọ́? Ṣílè ni kí ẹ mú wá.”

Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Wọ́n ru ẹyọ náà padà sílé, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀. Ìkórè èkùrọ́ mẹ́ta ni wọ́n tún tà fún àwọn aṣojú òyìnbó kí ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Àbúrò náà ti di géńdé nígbà tí ó wọlé. Ìyá Àgbà ní òun mọ̀ ọ́n lójú nígbà tí òun kéré. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣeré, ṣùgbọ́n kì í fọwọ́ kan ẹyọ. Bí àwọn ọmọdé bá ń fi ẹyọ ta lórí ilẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àbúrò mi òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹni tí ó ní kí á dà á sódò, bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ẹyọ mélòó kan tí ó yí bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó sì dá a padà sínú òkìtì. Ọ̀rọ̀ Bódè parí síbẹ̀.

Ohun tí ó kù fún wa

Mo ti bi ara mi pé ta ni ó jẹ̀bi. Ṣé oníṣòwò Hamburg tí kò mọ Akànrán ni? Ṣé ọlọ́rọ̀ tí kò fẹ́ kí owó kú mọ́ òun lọ́wọ́? Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí owó bá ń kú lọ, ẹni tí ìròyìn máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn ni ó ń kú mọ́ lọ́wọ́. Àwọn ará Hamburg tètè mọ̀. Àwọn ará Èkó mọ̀ tẹ̀lé wọn. Obìnrin tí ń sín ẹyọ sókùn ní abúlé kò mọ̀ títí wọ́n fi sọ fún un lójúkojú.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn. Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni ibùdókọ̀ rẹ̀ ní Ìbàdàn wà. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó ṣe é, owó yíyá láti Ṣáínà sì wà nínú rẹ̀. Éṣíà tún ti dé oko wa. N kò sọ pé èyí burú. Mo ti wọ ọkọ̀ náà, ó sì tù mí lára. Ṣùgbọ́n bí ọmọ fi oko Akínyẹlé sílẹ̀ lọ kọ́ nípa òwò àgbáyé ní yunifásítì, mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé òyìnbó. Ó ti wà nínú ilẹ̀ yàrá àwọn bàbá rẹ̀. Ó wà nínú “ẹgbàá” tí ìyá rẹ̀ àgbà ń pè, tí òun ń fi rẹ́rìn-ín.

A kò ta ìkòkò náà, a kò sì dà á sódò. Ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé mú ogójì, okùn kan, láti fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà. Ìyókù wà ní yàrá Ìyá Àgbà. Mo bi wọ́n pé níbo ni irinwó tí ó dín nínú ọ̀kẹ́ kan lọ. Wọ́n ní, “A ti ń fi kọ́ yín ní òǹkà láti ìgbà pípẹ́, ẹ kò kàn mọ̀ ni.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, iṣẹ́ àmúrelé yín nìyí: bí ẹ bá ṣì ní àgbàlagbà nílé, ẹ ní kí wọ́n ka nǹkan fún yín láti igba títí dé ọ̀kẹ́ kan. Ẹ má fi ẹnu já a gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ jókòó tì wọ́n títí wọn yóò fi kà á tán. Ire o.